Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rọ: Àwọn ìwé tí a gbàgbé sọ́wọ́ aláàárù

Lẹ́tà mẹ́rin ni a yàn ní oṣù yìí nínú àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí sọ́fítíwíà tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń kó ìwé pamọ́ tàbí tí wọ́n fi ń fi ìwé ránṣẹ́ síra wọn. A yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò, a sì yọ orúkọ àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn, nítorí pé ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ni a ti gbọ́ ọ̀rọ̀, a kò sì fẹ́ jẹ́ agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá.

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Ìlú London ni mo ń gbé, ó sì ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan náà. Ní ọdún 2023, wọ́n kọ lẹ́tà sí gbogbo àwa òṣìṣẹ́ pé àwọn olè ti jí àkọsílẹ̀ wa kó: orúkọ, àdírẹ́sì ilé, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà National Insurance, èyí tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń dá òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Wọ́n ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ni wọ́n ti jí i. Wọ́n ní sọ́fítíwíà kan tí àwọn tó ń bá wọn ṣírò owó oṣù ń lò ló ní àléébù. N kò gbọ́ orúkọ àwọn oníṣirò yẹn rí, n kò sì fi ohunkóhun ránṣẹ́ sí wọn rí. Báwo ni ìwé mi ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn? Kí ló sì kù tí mo lè ṣe báyìí, nígbà tí àwọn tí n kò mọ̀ rí ń pè mí lórí fóònù, tí wọ́n sì mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi? — Ìyá Ìbejì, London.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí yín kò dárúkọ sọ́fítíwíà náà, n kò sì ní méfò lé e lórí. Ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà ní ọdún yẹn tí gbogbo ayé mọ̀, tó sì jọ ohun tí ẹ sọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè fi ṣàlàyé bí ìwé ènìyàn ṣe ń rin ìrìn àjò tí ẹni tó ni ín kò mọ̀ sí.

Sọ́fítíwíà kan wà tó ń jẹ́ MOVEit Transfer, iléeṣẹ́ Progress Software ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ni ín. Iṣẹ́ aláàárù ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ilé ìfowópamọ́ kan bá ní fáìlì tó tóbi ju ohun tí ímeèlì lè gbé lọ, tàbí tí iléeṣẹ́ kan bá fẹ́ fi àkọsílẹ̀ owó oṣù ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bá a ṣírò, wọn a gbé e sórí MOVEit, ẹni tó yẹ kó gbà á a sì wá gbé e níbẹ̀. Ó máa ń ti fáìlì náà pa lójú ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má baà kà á, ó sì máa ń kọ orúkọ ẹni tó gbé e wá àti ẹni tó gbé e lọ sílẹ̀. Nítorí ààbò gan-an ni àwọn iléeṣẹ́ ṣe san owó rẹ̀, èyí tó mú kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà korò jù.

Zellis, iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ṣírò owó oṣù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Ireland, wà lára àwọn tó ń lò ó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ló kéde pé ọ̀rọ̀ náà kan mẹ́jọ nínú àwọn oníbàárà òun. BBC, British Airways àti Boots sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn pé àwọn wà níbẹ̀. Ẹ wò ó: òṣìṣẹ́ fún agbanisíṣẹ́ ní nọ́ńbà National Insurance rẹ̀ nítorí pé òfin ní kó fún un, agbanisíṣẹ́ fún oníṣirò, nítorí pé owó oṣù kò ní ṣeé san láìsí i, oníṣirò gbé e lé orí sọ́fítíwíà tí iléeṣẹ́ mìíràn kọ. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó hùwà àìtọ́ títí dé ibẹ̀. Bí ìwé tiyín náà ṣe máa ń rìn nìyẹn, lóṣooṣù, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà yín síṣẹ́.

Irú àléébù tó wà nínú MOVEit kì í ṣe ohun tuntun. SQL injection ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ ní ọmọ ọ̀dọ̀ kan tó mọ̀wé kà dáadáa, tí ẹ fi sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìwé, tí ẹ sì sọ fún un pé kí ó máa gba pépà lọ́wọ́ ẹni tó bá dé, kí ó ka orúkọ tó bá wà lórí rẹ̀, kí ó sì lọ mú ìwé ẹni náà wá. Lọ́jọ́ kan, àlejò kan dé. Ní ibi tó yẹ kó kọ orúkọ rẹ̀ sí, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Àkànní, lẹ́yìn náà, kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé yìí fún ẹni tó mú pépà wá.” Ọmọ ọ̀dọ̀ náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín orúkọ àti àṣẹ, ohun tó kà ló ṣe. Ohun tí wọ́n ṣe fún MOVEit nìyẹn. Wọn kò jí ọ̀rọ̀ aṣínà ẹnikẹ́ni, kò sì sí òṣìṣẹ́ kankan tó ṣèèṣì tẹ líǹkì burúkú. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, wọ́n fi fáìlì kan pamọ́ sínú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwíà náà ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sọ fáìlì náà ní human2.aspx, nítorí pé human.aspx jẹ́ ojúlówó fáìlì sọ́fítíwíà náà, kí alámòójútó tó bá rí i lè rò pé ọmọ ilé ni.

Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ni ìkọlù náà bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu, ní òpin ọ̀sẹ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń so pọ̀ mọ́ ìsinmi ọjọ́ Ajé fún ìrántí àwọn ọmọ ogun wọn tó kú, nígbà tí ọ́fíìsì ṣófo. Ọjọ́ 31 ni Progress kéde ihò náà, tó sì gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde. Ẹgbẹ́ ọlọ́ṣà tó ń pe ara rẹ̀ ní Cl0p ló jẹ́wọ́ pé òun ló ṣe é. Wọn kò ti kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni pa gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọn ṣe máa ń ṣe. Fáìlì ni wọ́n kó, wọ́n sì fún àwọn tó ni ín ní gbèdéke ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà pé kí wọ́n wá dúnàádúrà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àwọn yóò tú u síta. Emsisoft, iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe àkójọ àwọn tó fara gbá a, ka iléeṣẹ́ àti àjọ tó lé ní 2,700, àti ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 90.

Ibí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀. Ẹ̀bi ihò náà, ti Progress ni, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ohun tí àwọn olè bá níbẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Aláàárù tó gbé ẹrù láti Dùgbẹ̀ dé Ògùnpa, tó sọ ọ́ kalẹ̀, tó sì gba owó rẹ̀, kò ní ohun kankan lórí mọ́ tí olè lè já gbà. Ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, wọn kò sọ ẹrù kalẹ̀. Wọ́n fi fáìlì ránṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní, ẹni tó ni ín gbà á, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lórí sáfà síbẹ̀. Ti oṣù kejì tún dé bá a, ti oṣù kẹta tún dé, kò sì sí ẹni tí wọ́n yan iṣẹ́ pé kí ó máa pa èyí tó ti dé ilé rẹ́, títí tí ojú ọ̀nà fi di àká. Cl0p mọ èyí dáadáa. Kí ó tó kan MOVEit, ó ti bá irú aláàárù bẹ́ẹ̀ méjì mìíràn jà: Accellion FTA ní ìparí ọdún 2020, àti GoAnywhere ti iléeṣẹ́ Fortra ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Òwe ògiri tó lanu ni gbogbo ènìyàn máa ń pa bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. N kò kọ̀ ọ́, àmọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ògiri tí òun kò mọ kò ní lanu láéláé. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa ni iye ẹrù tí a kó sínú yàrá náà.

Ní ti ohun tó kù tí ẹ lè ṣe. Ọjọ́ ìbí kò ṣeé pààrọ̀, nọ́ńbà National Insurance náà kì í yí padà títí ọjọ́ ayé ẹni, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tutù nítorí pé ọdún ti gorí ọdún. Ẹni tó pè yín tó sì mọ ọjọ́ ìbí yín kò fi ìyẹn hàn pé ilé ìfowópamọ́ yín ló ti ń pè. Ohun tí ó mọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n jí. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín tẹ 159, nọ́ńbà tó ń so ènìyàn pọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ gba àkọsílẹ̀ gbèsè yín lọ́wọ́ Experian, Equifax àti TransUnion, àwọn iléeṣẹ́ tó ń kọ gbèsè àwọn ènìyàn sílẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ gba owó fún èyí tí òfin ní kí wọ́n fún yín, kí ẹ wò ó bóyá ẹnìkan ti fi orúkọ yín yáwó.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ yín, nínú ìwé, kì í ṣe lẹ́nu, pé ẹ fẹ́ mọ gbogbo àkọsílẹ̀ tí wọ́n ní nípa yín àti àwọn tí wọ́n ń fún. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún wọn ní oṣù kan láti dáhùn. Ẹ fi ìbéèrè kan kún un: àwọn fáìlì owó oṣù mi ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ta ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀? N óò fẹ́ ka ìdáhùn tí wọ́n bá fún yín.

Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan ní Ìbàdàn. Sọ́fítíwíà kan ni a fi ń pa ìwé ilẹ̀ àwọn oníbàárà wa mọ́: àdéhùn, rìsíìtì, ìwé sọ́fè àti C of O. Bí a bá fẹ́ kí oníbàárà rí ìwé rẹ̀, sọ́fítíwíà náà yóò fún wa ní líǹkì tí nọ́ńbà wà ní ìparí rẹ̀, a óò sì fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀, ìwé ẹlòmíràn ni mo rí, ti ọ́fíìsì kan ní Èkó tí a kò mọ̀ rí. Mo dán nọ́ńbà méjì mìíràn wò, bákan náà ni. Ọ̀gá mi ní kí n pa ẹnu mi mọ́, pé kì í ṣe àwa la kọ sọ́fítíwíà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. — Akọ̀wé tí kò lè sùn, Ìbàdàn.

Akọ̀wé wa, ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má ṣe tẹ nọ́ńbà kẹrin. Èyí tí ẹ ṣèèṣì rí, èèṣì ni; méjì tí ẹ fi dán an wò lẹ́yìn náà, mo lóye ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà ka wíwọ ibi tí wọn kò fún ènìyàn láyè láti wọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ kò sì mọ irú agbẹjọ́rò tí ẹ máa bá pàdé lọ́jọ́ tí iléeṣẹ́ náà bá pinnu láti fi yín ṣe ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù. Bí ẹ bá ya àwòrán ohun tí ẹ rí, tí ojú ìwé àwọn ẹlòmíràn hàn nínú rẹ̀, ẹ pa á rẹ́.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kà sí etí ọ̀gá yín, nítorí pé iṣẹ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò jìnnà sí iṣẹ́ tiyín. First American Financial ni iléeṣẹ́ náà ń jẹ́, ìlú Santa Ana ní ìpínlẹ̀ California ló fi ṣe ibùjókòó. Àwọn ló máa ń ṣe ìwádìí bóyá ilé tàbí ilẹ̀ tí ènìyàn fẹ́ rà kò ní ẹjọ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n sì máa ń ṣe onídùúró fún ẹni tó rà á pé bí ẹnìkan bá dìde lọ́la pé òun ló ni ín, àwọn yóò san án fún un. Nítorí náà, gbogbo ìwé tó rọ̀ mọ́ ríra ilé ló ń gba ọwọ́ wọn kọjá: nọ́ńbà àkáǹtì, ìwé owó orí, ìwé ẹ̀yáwó, rìsíìtì owó tí wọ́n fi ránṣẹ́, àwòrán ìwé ìwakọ̀. Ní ọdún 2019, oníṣòwò ilé kan ní ìpínlẹ̀ Washington ṣàkíyèsí pé bí òun bá yí nọ́ńbà kan padà nínú líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun, ìwé ẹlòmíràn ló ń jáde. Ó gbìyànjú láti bá iléeṣẹ́ náà sọ̀rọ̀, wọn kò dá a lóhùn bó ṣe yẹ, ni ó bá mú un tọ Brian Krebs lọ, akọ̀ròyìn tó máa ń ṣe ìwádìí lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ni ìròyìn náà jáde. Ìwé tó wà ní gbangba bẹ́ẹ̀ tó mílíọ̀nù 885, èyí tó pẹ́ jù nínú wọn sì ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2003.

Àléébù yìí kò jọ ti MOVEit. Kò gba ọgbọ́n kankan. Ọmọ tó bá ti lè ka oókan títí dé ẹẹ́wàá lè ṣe é. Ẹ rántí alágbàfọ̀ tó ń so nọ́ńbà mọ́ aṣọ. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí ẹ ní “nọ́ńbà 75,” alágbàfọ̀ tó gbọ́n yóò wo ojú yín, yóò wo ìwé rẹ̀, yóò sì rí i pé 74 ni tiyín. Èyí tí kò gbọ́n yóò gbé aṣọ ìgbéyàwó ẹlòmíràn fún yín. Ohun kan ṣoṣo tí líǹkì tiyín ń béèrè ni nọ́ńbà. Kò béèrè ta ni ẹ̀yin, kò sì béèrè bóyá ìwé náà tọ́ sí yín. Àwọn kan máa ń rò pé àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n sọ nọ́ńbà náà di gígùn rẹpẹtẹ tí ẹnikẹ́ni kò lè méfò. Ìyẹn dára díẹ̀, ṣùgbọ́n líǹkì tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lè dé ọwọ́ ẹni kẹta àti ẹni kẹrin. Àtúnṣe tòótọ́ ni pé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá béèrè ìwé kan, kí sọ́fítíwíà náà kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń béèrè, kí ó sì wo orúkọ tó wà lórí ìwé náà kí ó tó gbé e jáde.

Apá tó kan ọ̀gá yín nìyí. Àwọn òṣìṣẹ́ ààbò First American fúnra wọn ti rí ihò náà nígbà tí wọ́n ń dán sọ́fítíwíà wọn wò ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kà á sí ìṣòro kékeré, wọ́n sì gbé ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ kan títí tí akọ̀ròyìn fi kàn wọ́n lára ní oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà. Nígbà tí àwọn ọ̀gá bọ́ síta láti bá aráyé sọ̀rọ̀, wọn kò mọ̀ pé àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ti mọ̀ tipẹ́. Nítorí èyí ni SEC, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìpín ìdókòwò ní Amẹ́ríkà, ṣe ní kí wọ́n san 487,616 dọ́là ní ọdún 2021; ìpínlẹ̀ New York náà gba mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ wọn ní ọdún 2023. Wọ́n lè sọ pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún ọ̀gá. Ọ̀gá tiyín kò lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ ti sọ fún un.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ sọ́fítíwíà náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jọ pé ọ̀gá yín kò tíì rò ni pé bí ẹ bá rí ìwé àwọn ará Èkó, àwọn ará Èkó lè rí tiyín. Ìwé ilẹ̀ tí oníbàárà fi lé yín lọ́wọ́ ti wà níta, ẹ sì mọ̀. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sọ pé bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá, ẹni tí dátà náà wà níkàáwọ́ rẹ̀ ní wákàtí 72 láti fi tó NDPC, àjọ tó ń bójú tó ààbò dátà ní Nàìjíríà, létí, láti ìgbà tí ó bá ti mọ̀. Bí jàǹbá náà bá lè pọ̀, kí ó sọ fún àwọn tó ni ín pẹ̀lú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kò dá aago yẹn dúró.

Bí mo bá jẹ́ yín, n óò kọ lẹ́tà kan ṣoṣo fún ọ̀gá mi láti bu ọwọ́ lù, kí ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ni sọ́fítíwíà náà: ọjọ́ àti wákàtí tí a rí i, bí líǹkì náà ṣe rí láìfi ìwé ẹnikẹ́ni kún un, ìbéèrè pé kí wọ́n ti ọ̀nà náà pa lónìí, àti ìbéèrè pé kí wọ́n fún wa ní àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tó ti ṣí ìwé àwọn oníbàárà wa. Ẹ pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́. Bí ọ̀gá bá kọ̀ láti bu ọwọ́ lù ú, ẹ kọ ọ́ sí òun fúnra rẹ̀ nínú ímeèlì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó lè wà nínú àkọsílẹ̀ pé ẹ sọ ọ́. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ṣòroó rí. Èyí kò ní kí ẹ bá ọ̀gá jà.

Ṣé tí mo bá ń yí ọ̀rọ̀ aṣínà mi padà lóṣooṣù, ṣé ọkàn mi lè balẹ̀? — Oníṣòwò, Adó-Èkìtì.

Rárá, kì í ṣe lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìtàn méjèèjì tí mo sọ lókè, kò sí ibi tí olè ti nílò ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ má ṣe lo ọ̀kan náà ní ibi méjì, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gùn; ìyẹn ṣe pàtàkì ju kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù lọ.

Olóòtú wa, ẹ kú àmójútó. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Òṣogbo, ọmọ ẹgbẹ́ wa sì lé ní irinwó. A ti ra sọ́fítíwíà kan tó ń kó fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó, fọ́tò, BVN, NIN àti ìwé àwọn onídùúró pamọ́ sórí kíláòdù, ìyẹn sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tí a ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì dé. Lẹ́yìn tí ọmọ àbúrò mi tó kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà gbọ́ ìròyìn nípa olè jíjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí a ra sáfà tiwa, kí a gbé e sábẹ́ tábìlì ní ọ́fíìsì, pé ohun tó bá wà lábẹ́ ojú ẹni kò lè sọnù. Ṣé òótọ́ ló sọ? Bí ìwé bá sì jò síta nítorí àléébù sọ́fítíwíà, ṣé àwa ni a jẹ̀bi? — Akápò, Òṣogbo.

Bàbá Akápò, ọmọ àbúrò yín kò purọ́, ṣùgbọ́n ó gbàgbé nǹkan kan: sáfà tó bá ti ní okùn íntánẹ́ẹ̀tì lára, gbogbo ayé ló wà lábẹ́ tábìlì yẹn pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí SharePoint ti Microsoft ní oṣù Keje ọdún 2025. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ àti ìjọba ń kó ìwé wọn sí. Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà lò ó: kí Microsoft bá a tọ́jú rẹ̀ lórí kíláòdù, tàbí kí ó gbé e sórí sáfà tirẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, níbi ìdíje kan ní ìlú Berlin tí wọ́n ti ń san owó fún ẹni tó bá rí ihò, ọmọ ilẹ̀ Vietnam kan fi bí wọ́n ṣe lè wọ sáfà SharePoint hàn. Microsoft gbé àtúnṣe jáde ní ọjọ́ 8 oṣù Keje. Àtúnṣe náà kò dí ihò náà tán. Àwọn olè wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, nígbà tó sì fi di ọjọ́ 18, wọ́n ti ń wọ sáfà àwọn ènìyàn káàkiri. Àwọn tí Microsoft ń bá tọ́jú tiwọn lórí kíláòdù kò fara gbá a. Àwọn tó ní sáfà tiwọn ló fara gbá a.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé àwọn olè náà kò kó ìwé nìkan. Wọ́n jí kọ́kọ́rọ́ tí sáfà fi ń dá àwọn tó mọ̀ mọ̀. Ẹni tó gbé àtúnṣe tuntun tí Microsoft ṣe lẹ́yìn náà sí i, tó wá lọ sùn, ó tún ilẹ̀kùn ṣe ṣùgbọ́n kò pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, olè sì lè padà wá gba iwájú ilé wọlé. Iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ tó mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ náà gbọ́dọ̀ yí padà, tí wọ́n sì ṣe é ní òpin ọ̀sẹ̀, ló rí ara rẹ̀ gbà. Ta ni yóò ṣe é fún ẹgbẹ́ yín ní aago méjì òru ọjọ́ Àìkú? Bí ó bá jẹ́ ọmọ àbúrò yín ni, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá ó ṣe tán.

N kò ní kí ẹ gbà pé kíláòdù kò lè ní ihò. MOVEit náà ní ti kíláòdù, ihò kan náà ló sì wà lára rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Progress fúnra rẹ̀ ló tún ìyẹn ṣe. Fún ẹgbẹ́ tó ní irinwó ènìyàn tí kò sì ní ẹni tó ń gba owó oṣù nítorí kọ̀ǹpútà, èrò mi ni pé kí ẹ dúró sórí kíláòdù, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ orúkọ àti fóònù ẹni tó ń bójú tó o, kí ẹ sì ní àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọn yóò sọ fún yín bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ní ti ẹ̀bi: ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu bu ọwọ́ lu òfin ààbò dátà, lọ́sẹ̀ kan náà tí ariwo MOVEit ń lọ lọ́wọ́ ní òkè òkun. Lójú òfin yẹn, ẹgbẹ́ yín ló pinnu láti gba BVN àwọn ènìyàn, ẹgbẹ́ yín ló pinnu ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe, nítorí náà ẹgbẹ́ yín ló máa kọ́kọ́ dáhùn lọ́dọ̀ NDPC. Àwọn oníṣòwò sọ́fítíwíà náà ní ojúṣe tiwọn, àmọ́ wọn kò gba tiyín kúrò lọ́rùn yín. Òfin kan náà tún sọ ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í kà: a kò gbọdọ̀ pa dátà ènìyàn mọ́ kọjá ìgbà tí a nílò rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè tèmi sí yín wà. Ọmọ ẹgbẹ́ tó yáwó ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, tó san án tán, tí onídùúró rẹ̀ ti bọ́ nínú ìdè, kí ni fọ́tò àti BVN onídùúró náà ṣì ń ṣe lórí sọ́fítíwíà yín? Ẹ̀rí pé ó san owó náà tán nìkan ni ìwé ìṣirò yín nílò. BVN kì í yí padà, NIN náà kì í yí padà. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n gbó lójú olè. Ẹ jókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀ yín, kí ẹ fi ọjọ́ ìparẹ́ sí irú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí yóò máa pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà, bí ó bá di ọjọ́ Ajé, ẹ pe ẹni tó ta sọ́fítíwíà náà fún yín, kí ẹ bi í ní ìbéèrè méjì: fáìlì tó pẹ́ jù lórí àkáǹtì wa, ọdún wo ni? Bí a bá sì pa fáìlì kan rẹ́, ẹ̀dà rẹ̀ mélòó ló ṣì wà níbòmíràn, títí di ìgbà wo?